Àwọ̀ ìfarapamọ́ lára Panther mi (1/35) rí bí awọ ewúrẹ́ abilà. Níbo ni mo ti ṣì í?

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ilé ìtẹ̀wé kan lápá Wàńdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ àti ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń to ọkọ̀ ogun kékeré. Panther Ausf. G (irú G ọkọ̀ ogun Jámánì kan) ni mo tò kẹ́yìn, ìwọ̀n 1/35, ìyẹn ni pé ti gidi gùn jù ú ní ìlọ́po 35, ó gbà mí ní oṣù méjì gbáko. Títò rẹ̀ wù mí. Ìgbà tí mo kùn ún ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ilé iṣẹ́ Tamiya ló ṣe gbogbo pẹ́ńtì mi: XF-60 fún ìyeyè tó ṣú tó wà nísàlẹ̀, XF-61 fún àwọ̀ ewé, XF-64 fún pupa ilẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo lò. Mo kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ya etí ojú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo wá kun inú rẹ̀. Fún ẹ̀yin tí fọ́tò kò ṣí fún: ewé àti pupa dúró gbagidi lórí ìyeyè, etí wọn mú bí ohun tí a fi àlùmọ́gàjí gé, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Ó tún ṣú ju ọkọ̀ gidi tí mo rí nínú fọ́tò lọ, bẹ́ẹ̀ pẹ́ńtì tí gbogbo ayé ń lò náà ni mo lò. Àbúrò mi obìnrin wò ó, ó ní ó jọ awọ ewúrẹ́ abilà. Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ.

Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í kí n tó tún náwó. Ìbọn pẹ́ńtì kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì lò rí, ẹnìkan tó ń kun mọ́tò ládùúgbò sì ti gbà láti yá mi ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀.

BàbáÌbejìÀjàṣẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Mo wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títò rẹ mọ́ dáadáa, má sọ ọ́ nù. Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ, òun náà ni mo máa ń bi ara mi kí n tó ṣí ìgò pẹ́ńtì: ta ló kun ọkọ̀ yìí, kí ló sì fi kùn ún?

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1943, àwọ̀ eérú tó ṣú (RAL 7021; RAL ni nọ́ńbà tí àwọn Jámánì fi ń dá àwọ̀ mọ̀) ni ọkọ̀ ogun Jámánì máa ń ní. Oṣù Kejì ọdún náà ni àṣẹ jáde pé ìyeyè tó ṣú, RAL 7028, ni kí ilé iṣẹ́ máa fi kùn wọ́n láti ìgbà náà lọ. Àwọ̀ ewé (RAL 6003) àti pupa ilẹ̀ (RAL 8017) kò ti ilé iṣẹ́ wá. Inú agolo ni wọ́n ti ń kó wọn fún àwọn sójà, ó ki bí òrí, àwọn sójà ni yóò sì fúnra wọn pò ó. Bí epo bẹntiróòlù bá wà, wọn á fi pò ó. Bí kò bá sí, omi ni, òjò sì lè fọ èyí tí wọ́n fi omi pò kúrò lára irin. Ẹni tó rí ìbọn pẹ́ńtì fọ́n ọn, ẹni tí kò rí lo búrọ́ọ̀ṣì, àwọn kan tilẹ̀ lo ìgbálẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ kan náà kì í fi í jọra.

Nísinsìnyí, fojú inú wo sójà kan tó dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìbọn pẹ́ńtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà tó fọ́n yóò tẹ̀ bí apá rẹ̀ ṣe tẹ̀. Yóò nípọn níbi tó ti dúró, yóò fẹ́lẹ́ níbi tó ti sáré kọjá. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ó lè gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó fi pẹ́ńsù ya nǹkan kan lójú ogun. Ohun tí mo rí lára tìrẹ ni ọwọ́ ẹni tó jókòó ti tábìlì, tó ń gbìyànjú kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba.

Ti etí ńkọ́? Pẹ́ńtì tí a fọ́n máa ń ní etí tó rọ̀ bí èéfín. Bí èéfín náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 lára ọkọ̀ gidi, pín in sí 35: kò tó mìlímítà 3 lára tìrẹ. Ìwọ̀n tí ò ń wá nìyẹn. Etí tìrẹ kò ní èéfín kankan báyìí. Ṣọ́ra kí o má baà ṣì í sí òdìkejì pẹ̀lú, torí etí tó rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan lára ọkọ̀ kékeré dúró fún sẹ̀ǹtímítà 35 lára ti gidi, ìyẹn sì ti di ìkùukùu.

Ohun kan kù. Láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ 1944 ni ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn kun àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọkọ̀ tó jáde. Ausf. G sì ti ń jáde láti oṣù Kẹta 1944. Mọ oṣù tí tìrẹ jáde, kí o lè mọ ọwọ́ tó kùn ún.

ṢábẹOlókè

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, àmọ́ mo fẹ́ kìlọ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ní àwọ̀ òun ṣú jù. Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ: "da funfun sí i." Ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wọ̀nyí ní nọ́ńbà. Wọ́n ní páálí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí olúkúlùkù bá ń da funfun sí i bó ṣe wù ú, àwọ̀ ọkàn rẹ̀ ló ń kùn, kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀ náà. XF-60 sún mọ́ 7028 tó. Ẹ fi sílẹ̀.

AfọnpẹńtìÀjàṣẹ́

Mọ́tò ni mò ń kùn látọdún 2004, ọkọ̀ kékeré ni mo fi ń sinmi. N kò ní dá sí ọ̀rọ̀ RAL, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yẹn kan mí.

ỌmọOdò, má so kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mọ́tò mọ́ ìbọn kékeré rẹ lásán o! Tiwa lè gbé afẹ́fẹ́ tó ju bar 6 lọ (bar la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Ìwọ kò nílò ju bar kan sí kan ààbọ̀, nígbà tí o bá sì fẹ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, sọ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 1 tàbí kí ó dín díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, tó ní aago lójú, ni kí o fi sáàárín. Fi ife tó ń gba omi náà sí i. Létí ọ̀sà la wà, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un jọ, yóò wá pọ̀ ọ́ jáde bí itọ́ sórí iṣẹ́ rẹ lójijì. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, ṣí ìdérí ìdí agbada afẹ́fẹ́ náà kí omi àná jáde.

Pípò: pẹ́ńtì ìdá kan, tínà ìdá kan fún ìpìlẹ̀. Fún àwọ̀ ìfarapamọ́, tínà lè tó ìdá méjì. Mì í, kí o jẹ́ kó ṣàn lára ife. Bó bá ṣàn bí wàrà, tó sì fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó ti tó. Sún mọ́ ọn, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, fa okùn ìbọn díẹ̀díẹ̀. Má gbìyànjú kí ó mú lẹ́ẹ̀kan. Lọ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí àwọ̀ máa jáde bí ẹni ń jí lójú oorun.

Bí etí kan bá fẹ̀ jù, má bínú. Gbé ìyeyè padà sínú ìbọn, kí o fi gé etí náà wọlé. Èmi kì í fi àwọ̀ ìlà kan tún un ṣe, àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni mo fi ń gbẹ́ ẹ.

Fi nǹkan bo imú, kí o sì ṣí fèrèsé. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ohun tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù yá. Ìbéèrè méjì. Ìkíní, tínà Tamiya tó wà lọ́wọ́ mi kò tó nǹkan mọ́, ó sì di kí ẹnìkan ti ìlú òkèèrè bọ̀ kí n tó rí òmíràn. Ṣé mo lè fi sódábì pò ó? Ọtí ṣáà ni. Ìkejì, ṣé mo gbọ́dọ̀ ha pẹ́ńtì búrọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ kúrò?

AfọnpẹńtìÀjàṣẹ́

Má fi sódábì pò ó, àbúrò mi. Ẹmu ni wọ́n sè di sódábì, omi pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn tó bá ẹmu wá sì wà níbẹ̀ tí kì í fò lọ bí ọtí ṣe ń fò lọ. Wọn á kù sójú pẹ́ńtì. Lọ sí ilé oògùn, ra ọtí 90 tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Pẹ́ńtì Tamiya yìí gbà á. Ó máa ń gbẹ kíákíá ju tínà tiwọn lọ, ìyẹn nìkan ni kí o mọ̀.

Ọtí kan náà ni yóò bá ọ yọ pẹ́ńtì àtijọ́. Fi òwú rẹ ẹ́, dúró díẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Kò ní ṣe ike rẹ ní nǹkan. Asitóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná ni kí o má gbé dé ibẹ̀ rárá, ńṣe ni yóò yọ́ ike náà bí yìnyín.

OnígiKétu

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Igi ni mò ń gbẹ́ ní Kétu níbí, orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mò ń gbẹ́ tí mo sì ń kùn. Ọmọ mi ọkùnrin ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré, mo sì ti wá fẹ́ràn rẹ̀.

Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbọ́dọ̀ hàn. Nígbà tí ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru, tí ẹni tó wà lẹ́yìn èrò ń nàgà, ó yẹ kó rí ojú, kó rí ilà, kó rí gèlè àti ohun tó wà lórí gèlè. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé funfun ti dúdú. Níbi tí igi bá ti yí, ibẹ̀ ni àwọ̀ mi náà ti ń yí. Àwọ̀ mi ń tẹ̀lé igi kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n.

Àwọ̀ ìfarapamọ́, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Kò gbọdọ̀ tẹ̀lé irin. Ó gbọ́dọ̀ gba orí igun kọjá bí ẹni pé igun kò sí níbẹ̀, kí ojú ọ̀tá má baà mọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ parí tí òkè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́, padà wo fọ́tò rẹ kejì. Ojú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó sí àárín pátákó irin tirẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tó sọdá igun. Ẹnu ìbọn gígùn yẹn, ìyeyè ni láti ìdí dé orí, bẹ́ẹ̀ òun ni ojú yóò kọ́kọ́ mú, torí kò sí ohun tó gùn tó tọ́ bẹ́ẹ̀ nínú igbó. O fi àwọ̀ júwe ọkọ̀ náà fún ẹni tó ń wá a. Bí gbogbo etí rẹ bá tilẹ̀ rọ̀ bí èéfín, bí o kò bá tún èyí ṣe, yóò ṣì jọ ewúrẹ́ yẹn.

Ó máa ń dùn mọ́ mi pé oníṣẹ́ ọnà bíi tiwa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ológun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ní 1915. Ayàwòrán ni Guirand de Scévola tó darí wọn. Alágẹmọ ni àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ.

Ní ti àwọ̀ tó ṣú jù, Olókè, ẹ dákun, ẹ jáde síta kí ẹ wo òkè Ṣábẹ yín láti ojú títì. Òkúta tó dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ gùn ún, àwọ̀ eérú ló ní bí ẹ bá wà lọ́nà jíjìn, ó tún fẹ́ẹ́ ní aró nínú. Òkúta náà kò yí padà, ibi tí ẹ dúró sí ló yàtọ̀. Bí a bá gbé ọkọ̀ 1/35 síwájú wa ní 30 sẹ̀ǹtímítà, bí ìgbà tí a dúró sí mítà mẹ́wàá ààbọ̀ sí ti gidi ni.

ṢábẹOlókè

Bàbá Onígi, mo júbà. Òkè wa tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, kìlómítà ni èmi fi ń wò ó. Mítà mẹ́wàá ààbọ̀ kò lè sọ àwọ̀ ewé di eérú. Mo dúró ní mítà mẹ́wàá sí mọ́tò aládùúgbò mi láàárọ̀ yìí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, pupa ni mo rí i, pupa náà ni nígbà tí mo súnmọ́ ọn.

OnígiKétu

Òótọ́ lẹ sọ, Olókè, mo gbà á. Ọ̀nà jíjìn nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Lábẹ́ oòrùn lẹ ti wo mọ́tò yẹn, abẹ́ gílóòbù nínú yàrá ni a sì ti ń wo ọkọ̀ kékeré. Oòrùn tó ń ràn sórí pátákó irin ńlá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí gílóòbù lè fún wa lọ. Bí a bá fi àwọ̀ gan-an sára ohun kékeré, tí a gbé e sínú yàrá, yóò dákẹ́. A ní láti fi ìmọ́lẹ̀ tí yàrá kò ní sínú pẹ́ńtì fúnra rẹ̀. Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí mo kùn nínú ahéré, tí mo rò pé ó ti dára, mo máa ń gbé e jáde síta kí n tó gbà pé ó parí. Àwọ̀ tó wà nínú ilé kì í ṣe àwọ̀ tó wà níta.

BàbáÌbejìÀjàṣẹ́

Èmi yóò fi kún ti Bàbá Onígi. Olókè, ẹ fẹ́ kí a di nọ́ńbà mú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Fún ìyeyè tó ti ilé iṣẹ́ wá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ewé àti pupa tí sójà fọwọ́ ara rẹ̀ pò, nọ́ńbà wo ló kù fún wọn? Èyí tó ki bo ìyeyè mọ́lẹ̀, èyí tó ṣàn jẹ́ kí ìyeyè yọ láti abẹ́ rẹ̀. Lára ọkọ̀ kan náà, agolo kìíní àti agolo kejì lè yàtọ̀. Oòrùn àti eruku tún wá fi tiwọn kún un.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: ìkán mẹ́wàá XF-60 sí ìkán méjì funfun. Fún àwọ̀ ewé, n kì í lo funfun, torí funfun máa ń jẹ́ kí ewé rí bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ìyeyè díẹ̀ tàbí àwọ̀ iyanrìn (XF-57) ni mo ń fi là á lójú. Pupa ilẹ̀ náà, àwọ̀ iyanrìn. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bí ìyeyè yẹn ṣe yẹ kó rí, rántí ewé àgbàdo tó ti gbẹ lóko ní ìparí ìkórè, tí òjò kan ti pa: kì í ṣe ìyeyè ọsàn, kì í ṣe àwọ̀ iyanrìn etí òkun, ó sì ní ewé díẹ̀ nínú.

ṢábẹOlókè

Ẹ̀yin méjèèjì, mo gbọ́. Lórí ewé àti pupa, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀, èmi yóò ṣì bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kí n tó là á lójú, kí n lè mọ ibi tí mo ti kúrò.

AránṣọKétu

Ẹ kú ìjíròrò. Aránṣọ ni mí, ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, ère sójà kékeré ni mò ń kùn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi sójà sórí Panther yẹn, torí ohun kan wà tí mo ń rí lára iṣẹ́ gbogbo ènìyàn tó ń dà mí láàmú.

Aṣọ ìfarapamọ́, aṣọ ni. Wọ́n tẹ bátànì sára ìgàn aṣọ, wọ́n wá gé e, wọ́n rán an. Ítálì ló kọ́kọ́ tẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ní 1929, àgọ́ ni wọ́n sì fi ń pa. Jámánì tẹ̀lé wọn ní 1931 pẹ̀lú bátànì onígun ṣóńṣó, ewé àti pupa ilẹ̀ lórí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òjò gba ojú rẹ̀ kọjá. Àgọ́ náà ni tiwọn fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di ẹ̀wù.

Nígbà tí mo bá ń gé àǹkárá fún ìyàwó ilé tó mọ ohun tó dára, mo máa ń fi àkókò sílẹ̀ kí òdòdó apá ọ̀tún lè bá ti òsì pàdé lójú ìrán. Ẹni tó ń rán ẹ̀wù sójà kò ní àkókò yẹn, kò sì nílò rẹ̀. Ibi tí àlùmọ́gàjí bá bọ́ sí ló gé. Nítorí náà, bátànì gbọ́dọ̀ já níbi ojú ìrán: ní èjìká, ní ẹ̀gbẹ́, ní etí àpò. Àpò tó wà láyà, àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ti abẹ́ rẹ̀ mu, àfi bó bá ṣe kòńgẹ́. Bí wọ́n bá fi aṣọ gé apá ní ìbú, òjò inú bátànì yóò dùbúlẹ̀ lápá, yóò sì dúró láyà. Gbogbo ère tí mo rí, bátànì ń ṣàn láti apá wọ àyà bí ẹni tí wọ́n da pẹ́ńtì lé lórí. Bàbá Onígi ní kí àwọ̀ sọdá igun irin. Lára aṣọ, kí ó já lójú ìrán. Ìbéèrè Bàbá Ìbejì náà la fi ń mọ̀ ọ́n: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Sójà tó ga mítà 1.75, sẹ̀ǹtímítà 5 ni ní 1/35. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ, pẹ́ńtì á ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó gbé e débẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 1 tí ẹnu rẹ̀ mú ló ń ṣiṣẹ́. Mo ń kun bátànì tán pátá ní àwọ̀ àárín, lẹ́yìn náà mo ń da òjìji tó ṣàn bí omi sínú ìṣẹ́po aṣọ, gba orí gbogbo àwọ̀ kọjá. Mo wá ń mú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń là á lójú díẹ̀ ní orí ìṣẹ́po. Òjò ni mo fi ń parí. Ère kan máa ń gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin, n kì í sì í kánjú.

BàbáÌbejìÀjàṣẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń kun ère, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ ojú ìrán fún mi rí. Mo ti gbé méjì sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo fẹ́ tún wọn kùn.

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá. Mo ti yọ gbogbo pẹ́ńtì, mo ti fọ́n ìpìlẹ̀ tuntun. Kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀, mo gbìyànjú lára ìgò omi tó ti tán. Wàhálà méjì ló yọjú. Nígbà mìíràn pẹ́ńtì máa ń sá káàkiri bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń jáde bí iyanrìn, ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì ń hun. Ọyẹ́ ti dé sí wa níbí, mi ò mọ̀ bóyá ó wà lára rẹ̀.

AfọnpẹńtìÀjàṣẹ́

Ẹsẹ̀ aláǹtakùn: pẹ́ńtì rẹ ṣàn jù, tàbí afẹ́fẹ́ rẹ pọ̀ jù fún bí o ṣe súnmọ́ ọn. Dín afẹ́fẹ́ kù kí o tó fi kún pẹ́ńtì.

Iyanrìn: bẹ́ẹ̀ ni, ọyẹ́ wà lára rẹ̀. Pẹ́ńtì ń gbẹ lójú ọ̀nà kí ó tó kan ike. Fi ìkán díẹ̀ oògùn tó ń dá gbígbẹ dúró sí i, kí o súnmọ́ ọn sí i, kí o sì máa fi òwú tó ní tínà nu ẹnu abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì méjì. Inú oṣù òjò ńkọ́? Pẹ́ńtì Tamiya kò ní da ọ́ láàmú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá lo irú pẹ́ńtì tí a ń lò fún mọ́tò, ọ̀rinrin á jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun bí ìkùukùu.

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Ẹ ṣeun. Mo ti ń ronú nípa eruku pẹ̀lú. Bàbá Onígi, ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti Kétu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí n ní kó bu ilẹ̀ pupa díẹ̀ bọ̀, kí n jọ̀ ọ́, kí n fi sára ẹsẹ̀ irin?

OnígiKétu

Ilẹ̀ wa dára fún un, mo ti lò ó. Gún un, fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó rí bí àtíkè. Ṣùgbọ́n níbo ni Panther tìrẹ ti jagun?

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, 1944.

ṢábẹOlókè

Tó bá jẹ́ Normandy, ẹ má fi yángí Kétu sí i. Eruku ibẹ̀ kì í pupa bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú àti iyanrìn ni kí o wá. Fi ilẹ̀ pupa yẹn pamọ́ fún ọkọ̀ tó gba ilẹ̀ tiwa kọjá. Wo AMX-10 RC, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí Faransé gbé wọ Mali nígbà tí ogun Serval bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2013. Èyí ni mo ń kùn lọ́wọ́: ewé, pupa ilẹ̀ àti dúdú, tí eruku pupa ti bo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ẹ́ di ọ̀kan. Lára èyí, ilẹ̀ tiwa wà nílé rẹ̀. Bí Bàbá Onígi bá lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà, inú mi á dùn.

OnígiKétu

Àpò kan ń bọ̀, Olókè.

BàbáÌbejìÀjàṣẹ́

Ọmọ Odò, bí tìrẹ bá jẹ́ ti Normandy, ọwọ́ sójà ló kùn ún, kò tíì kan ti ilé iṣẹ́. Fi àwọn ojú tótòtó tí wọ́n ń fi sára ọkọ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún yẹn sílẹ̀ fún èyí tó kàn. Ó wù mí kí o gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ jókòó sínú ọgbà igi ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí lọ́sàn-án gangan, kí o wo ilẹ̀ abẹ́ igi: ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé kọjá bọ́ sílẹ̀ ní róbótó róbótó. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àfarawé rẹ̀ nìyẹn: ojú ìyeyè kéékèèké lórí ewé àti pupa, ojú tó ṣú lórí ìyeyè. Bí ojú kan bá tó sẹ̀ǹtímítà 5 lára ti gidi, kò pé mìlímítà kan ààbọ̀ lára tìrẹ. Igi ìtayín tí a gé ẹnu rẹ̀ ló máa ń bá mi ṣe é.

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti parí, ó ku fáníìṣì. Fọ́tò mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mo ya méjì níta lábẹ́ oòrùn bí Bàbá Onígi ṣe wí.

N kò ya pẹ́ńsù kankan. Mo ṣe bí ẹni pé sójà kan ló bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ní apá òsì, tó rìn lọ sẹ́yìn, tó wá gun òkè. Pupa gba igun orí ọkọ̀ kọjá níbi mẹ́ta. Ẹnu ìbọn ti ní ewé méjì àti pupa kan tó dá a sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ẹ̀yìn, agolo ewé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo fi tínà kún un, ìyeyè sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Apá ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Etí tó wà lápá ọ̀tún níwájú fẹ̀ tó mìlímítà 6, mo mọ̀ pé ó pọ̀, mo ti fi ìyeyè gé e lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè pé ibo ni mo gbé ti àtijọ́ sí.

Ìbéèrè ìkẹyìn: mo fẹ́ da òróró dúdú ilẹ̀ tí àwọn ayàwòrán ń lò sínú àwọn kòrófo. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi fáníìṣì sí i?

AfọnpẹńtìÀjàṣẹ́

Iṣẹ́ nìyí! Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ń dán kọ́kọ́, kí òróró lè sáré wọ ibi tó yẹ, kó má dúró lórí pẹ́ńtì. Jẹ́ kí fáníìṣì náà sùn ọjọ́ kan gbáko. Da òróró, nu èyí tó ṣẹ́kù, fi ọjọ́ méjì sí i kí ó gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o fọ́n èyí tí kò dán. Etí mìlímítà 6 yẹn, gé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó dé fáníìṣì.

ỌmọOdòÀjàṣẹ́

Mo ti po ìyeyè. Alẹ́ òní ni.